Dókítà tí ó Dá Ẹgbẹ́ Àgbẹ̀ Sílẹ̀

Láàrin ilẹ̀ Ìbàràpá àti ilẹ̀ Yewa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò láyé ìjọ́un, ààlà oko lásán ni ó wà. Nítorí náà, ẹ̀yin ará Èrúwà àti Igbó-Ọrà, bí a bá ń sọ̀rọ̀ Dókítà Túnjí Ọ̀tẹ̀gbẹ̀yẹ, ọmọ Ìlaròó, ọ̀rọ̀ ará ilé kejì yín ni à ń sọ.

Oníṣègùn òyìnbó ni, ó sì ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ ní Èkó. Ẹni tí ó ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ní ìgbà náà lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ó máa jẹ ayé. Òun kò jókòó. Ní 1960 gan-an tí a gba òmìnira ni ó ń ṣáájú àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ Nigerian Youth Congress, tí wọ́n tako ìwé àdéhùn ààbò tí ìjọba wa bá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn náà wọ́ lọ sí Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn. Nígbà tí ó di 1962, a pa ìwé náà rẹ́.

Ní 1963 ó dá Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ àti Àgbẹ̀ sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí kò fi bò pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni òun ń tọ̀. (Ọdún kan náà ni Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìlera rẹ̀ ní Ìbàràpá. Ọ̀ràn méjèèjì kò kan ara wọn, ṣùgbọ́n a kò lè ṣàì kíyè sí i.) Ní oṣù kẹfà 1964, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí owó oṣù, Wahab Goodluck, tí í ṣe ọ̀rẹ́ ẹgbẹ́ náà, wà lára àwọn aṣáájú. Síbẹ̀, nígbà ìdìbò ìparí ọdún náà, ẹgbẹ́ náà kò rí àga kan ṣoṣo gbà ní ilé ìgbìmọ̀. Ní 1966 àwọn ológun fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú. Ní ìgbà ìjọba Gowon, a ti dókítà náà mọ́lé.

Ibi tí ó dùn wá nìyí. Àgbẹ̀ wà nínú orúkọ ẹgbẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ àwọn tí ń gba owó oṣù ní Èkó ni gbòǹgbò rẹ̀ wà. Àgbẹ̀ kì í gba owó oṣù; owó orí ni ó ń san. Nígbà tí Àgbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, àwọn àgbẹ̀ ni wọ́n pe ara wọn jọ, ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ní àwọn ó san, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn kí ìjọba tó gbà sí pọ́n-ùn méjì ní 1969, lẹ́yìn tí Awólọ́wọ̀ dá sí i. Àwa kò fi èyí bú dókítà náà, nítorí òfin ti de ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta kí òfin tó dé ń kọ́?

Ó kú ní 2009. Ìwé tí ó kọ nípa ìgbà náà, The Turbulent Decade, wà nílẹ̀. Ìbá wù wá kí olùkọ́ kan ní Ìbàràpá wá a rí, kí ó sì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́.