Bí a ṣe ń to ohùn inú dùùrù kọ̀ǹpútà

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Yamaha gbé dùùrù DX7 jáde lọ́dún 1983, ohùn 32 péré ni ó lè fi pamọ́ sínú ara rẹ̀. Lónìí, Surge XT, dùùrù inú kọ̀ǹpútà tí a ń lò lọ́fẹ̀ẹ́, ní ohùn tí ó lé ní 2,000. Ọ̀pọ̀ yìí gan-an ni ìṣòro: olórin lè máa wá ohùn kan títí orin ọkàn rẹ̀ yóò fi pòórá.

Ìdí nìyí tí a fi ń pín wọn sí ìsọ̀rí, ti béèsì lọ́tọ̀, ti agogo lọ́tọ̀, tí a sì ń fi àmì sí ààyò. Ẹni tí ó bá tún ohùn kan ṣe, kí ó fi orúkọ tuntun pa á mọ́ kí ó tó ṣí òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, làálàá rẹ̀ lè di òfo. Ibi tí ènìyàn bá tọ́jú nǹkan sí ni yóò ti bá a.