Àgbàdo Tí Ó Bu àti Ọmọ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Já Lẹ́nu Ọmú

Ẹ ó rántí bí àwọn ará Gíbéónì ti tan Jóṣúà jẹ: wọ́n mú oúnjẹ tí ó ti bu dání, kí a lè gbà pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Ní etí òkun Ìlàjẹ níhìn-ín, oúnjẹ kò ní láti rin ìrìn àjò kí ó tó bu. Omi wà lábẹ́ ilé, afẹ́fẹ́ òkun sì ń fẹ́ tọ̀sán tòru. Àgbàdo àti ẹ̀pà tí a fi ọkọ̀ gbé wá láti ọjà Igbókọ̀dá kì í pẹ́ nínú àpò kí èébu tó bò ó.

Láìpẹ́ yìí mo bá ìyá kan tí ó ń fi aṣọ nu èébu kúrò lára àgbàdo. Ó fẹ́ fi ṣe ògì fún ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Ó ní, "Tíṣà, ẹ má ṣe ìyọnu, iná yóò pa gbogbo rẹ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi kọ̀wé. Iná lè pa èébu, ṣùgbọ́n májèlé tí ó ti fi sínú hóró àgbàdo kì í bá síse lọ. Ojú kò rí i, ahọ́n kò sì mọ̀ ọ́n.

Ọdún 1960 ni àṣírí rẹ̀ tú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú. A wádìí, a sì rí i pé inú ẹ̀pà tí ó ti Brazil wá, tí a fi ṣe oúnjẹ wọn, ni ikú ti wọlé. Orúkọ èébu náà ni Aspergillus flavus. Láti ara rẹ̀ ni a ti fa orúkọ májèlé náà yọ, aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bá jà. Ní Kenya ní ọdún 2004, ènìyàn 317 ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú, nítorí àgbàdo tí a kó pamọ́ láìgbẹ. Bí a bá sì ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ti àwọn ọmọdé ni ó kàn wá jù. Ní ọdún 2002 àwọn olùwádìí tẹ ìwé jáde lórí ọmọ 480 ní abúlé 16 ní Benin àti Togo. Nínú ọmọ 100, 99 ni a rí àmì májèlé yìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Àwọn tí tiwọn pọ̀ jù ni wọ́n kúrú jù. Àwọn tí a ti já lẹ́nu ọmú sì ní in ju àwọn tí ó ṣì ń mu ọmú lọ. Nítòsí wa, Chibundu Ezekiel, tí ó ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ti kọ ìwé púpọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí májèlé èébu nínú oúnjẹ Nàìjíríà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 2022 fi hàn pé ọmọ tí ọmú nìkan ni oúnjẹ rẹ̀ kì í ko májèlé yìí tó ọmọ tí a ti ń fún ní oúnjẹ mìíràn. Èyí kò wí pé kí á má já ọmọ lẹ́nu ọmú. Kí á ṣọ́ ohun tí a ó fi já a ni.

Kí ni kí á ṣe? Fún àwọn àgbẹ̀, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ti ṣe Aflasafe, èébu aláìlóró tí a ń fọ́n sí oko kí ó lè gba ipò lọ́wọ́ olóró. Àwa tí ń rà lọ́jà, ẹ jẹ́ kí á dán àgbàdo wò. Ẹ mú ìgò gbígbẹ, ẹ da àgbàdo sí i pẹ̀lú iyọ̀ tí ẹ ti yá gbẹ létí iná, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì í dáadáa. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tí ì gbẹ. Ẹ sá a lórí ẹní, kí ẹ má kó o pamọ́. Lẹ́yìn náà, bí a ti ń gbé ẹja sókè iná kí ó má bàa bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kí á gbé àpò kúrò nílẹ̀ sórí pẹpẹ. Kí á tó rẹ ògì, ẹ jẹ́ kí á ṣa gbogbo hóró tí ó dúdú, tí ó bu, tàbí tí kòkòrò ti jẹ, kí á dà wọ́n nù. Ẹ má fi wọ́n fún adìẹ. Ẹ rántí àwọn tòlótòló.

Ìyá náà ṣa tirẹ̀ lójú mi. Ohun tí ó dà nù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì mí kanlẹ̀. N kò bá a wí, nítorí mo mọ iye tí ó rà á. Ṣùgbọ́n àgbàdo ṣeé rà lọ́jọ́ mìíràn ní Igbókọ̀dá.