Bí Ọba Méjì Bá Wọ̀ Wá Lọ́wọ́ Nídìí Póòkà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Òótọ́ ni òwe yìí láwùjọ, òótọ́ náà sì ni nídìí eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póòkà. Ẹni tí káàdì rẹ̀ dára jù lọ níbẹ̀ lè pàdánù gbogbo owó rẹ̀ bí ó bá gba èèyàn márùn-ún láyè láti péjọ lé e lórí. Àwọn kan nínú wa máa ń ta eré yìí ní yàrá lópin ọ̀sẹ̀, igbe kan náà la sì sábà máa ń gbọ́: "Ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi! Báwo ni wọ́n ṣe jẹ mí?" Ìbéèrè yẹn ni a fẹ́ dáhùn níhìn-ín, nítorí kì í ṣe orí burúkú ló máa ń fà á nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú àwọn tí kò mọ eré náà lọ́wọ́ dání. Irú póòkà tí a ń sọ ni Texas Hold'em. Ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Ní 2007, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà fọwọ́ sí i pé ìlú Robstown ni orísun rẹ̀. Nígbà tí Chris Moneymaker, oníṣirò owó kan, gba $2,500,000 níbi ìdíje World Series of Poker ní Las Vegas ní 2003, eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ wọ ilé àti yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Káàdì 52 ni a fi ń ta á. A ó pín méjì méjì fún olúkúlùkù, ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ rí i. Ẹni méjì tó jókòó tẹ̀ lé apínkáàdì yóò ti fi owó ọ̀ranyàn sílẹ̀, ká ní ₦50 àti ₦100. Lẹ́yìn náà, olúkúlùkù yóò yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó san iye tó wà nílẹ̀, tàbí kí ó fi owó lé e. Ìgbà tí èyí bá parí ni a ó tó ṣí káàdì mẹ́ta sójú tábìlì fún ìlò gbogbo ènìyàn. Mẹ́ta yìí ni wọ́n ń pè ní fílọ́ọ̀pù. A ó tún ṣí ọ̀kan, a ó sì ṣí ọ̀kan sí i, a ó sì máa dá owó láàárín wọn. Nínú káàdì méje tí olúkúlùkù ní láti fi ṣe é, ẹni tí márùn-ún tirẹ̀ bá dára jù ló kó owó nílẹ̀.

Bí káàdì méjì tí wọ́n pín fún wa bá jẹ́ ojú kan náà, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìbejì. Èyí tó ga jù ni A méjì, lẹ́yìn náà ọba méjì tí wọ́n kọ K sí lára, ayaba méjì tí wọ́n kọ Q sí, àti J méjì. Ìbejì èyíkéyìí ń wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 17 tí a bá pín káàdì. Ṣùgbọ́n A méjì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 221. Bí a bá tilẹ̀ kó àwọn ìbejì ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí pọ̀, ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí ìgbà 55 ni a ó rí ọ̀kan nínú wọn. Ohun tó ṣọ̀wọ́n tó báyìí kò yẹ kí a fi ṣòfò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bí A méjì bá dojú kọ ẹnì kan ṣoṣo tí a kò mọ káàdì rẹ̀, tí àwọn méjèèjì sì dúró dé òpin, yóò borí ní ìgbà bí 85 nínú 100. Bí ó bá dojú kọ ẹni mẹ́ta, ó di bí 64. Bí wọ́n bá di márùn-ún, ó di bí 49. Bí wọ́n bá di mẹ́jọ, ó di bí 35. Ti J méjì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: níwájú ẹnì kan, bí 77, níwájú ẹni márùn-ún, kò ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Káàdì wa kò yí padà o. Iye ọ̀tá ló pọ̀ sí i, olúkúlùkù wọn ló sì ní káàdì márùn-ún lójú tábìlì tó lè gbè é.

Ẹnì kan lè wí pé, "Bí wọ́n bá pọ̀, ṣé owó náà kò ní pọ̀ ni?" Òótọ́ ni. Nínú ẹni mẹ́fà, ìpín ẹnì kan kò ju bí 17 nínú 100, A méjì sì ní 49. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ fi owó lé e: gbogbo náírà tó bá wọlé kí fílọ́ọ̀pù tó dé, àwa ni ó ṣe jù lọ láǹfààní. Ẹni tó bá fẹ́ wo fílọ́ọ̀pù, kí ó sanwó ìwòran. Àwọn tí kò bá lè san án yóò sì yọwọ́, ọ̀tá yóò dín kù. Ẹni tó bá dákẹ́ tó ń fi ìbejì ńlá pamọ́, kí ó rántí pé àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.

Báwo wá ni a ó ṣe é?

Èkíní, iye owó. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ ń lò ni pé kí a gbé e dé ìlọ́po mẹ́ta owó ọ̀ranyàn ńlá, kí a sì fi ìlọ́po kan kún un fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti san ṣáájú wa. Bí owó ọ̀ranyàn bá jẹ́ ₦100, tí ẹni méjì sì ti san án, a ó gbé e dé ₦500. Ṣùgbọ́n nínú yàrá, níbi tí kò sí ẹni tó fẹ́ yọwọ́, gbogbo wọn lè san ₦500 náà. Ẹ gbé e dé ₦700 tàbí ₦800 nígbà mìíràn. Iye tó tọ́ ni èyí tí yóò ṣẹ́ ẹnì kan tàbí méjì kù.

Èkejì, ẹ má ṣe jẹ́ kí iye owó tú àṣírí yín. Bí ẹ bá ń fi ₦800 lé A méjì, tí ẹ sì ń fi ₦300 lé J méjì, kò ní pẹ́ tí ojú gbogbo yóò fi là.

Ẹ̀kẹta, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ìbejì. Bí ẹlòmíràn bá tún fi owó lé owó yín, A méjì àti ọba méjì lè tún un fi lé e láìbẹ̀rù. Ayaba méjì ní láti wo irú ẹni tó ń ṣe é. Bí ẹni méjì bá ti ń gbé owó ga ṣáájú yín, J méjì kì í ṣe ohun tí à ń kú lé lórí. Ìdí rẹ̀ ni pé káàdì tó ju J lọ ń yọ nínú fílọ́ọ̀pù ní ìgbà 57 nínú 100. Èyí tó ju ayaba lọ, ìgbà 41. A tó ń lé ọba, bí 23.

Ẹ̀kẹrin, ìbejì ṣì lè ṣubú. Ìgbà 85 nínú 100 túmọ̀ sí pé a ó ṣubú ní ìgbà 15. Nítorí náà, owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé kò gbọdọ̀ dé ìdí tábìlì, bí ó ti wù kí káàdì dára tó. Àwa tí a sì ń kàwé ní Òkè Ọya, ẹ rántí pé láti 2000 tí Zamfara ti ṣíwájú, àwọn ìpínlẹ̀ tó ń lo òfin Ṣàríà ka tẹ́tẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà wà fún. Ọmọ ayò tó fún wa láti fi ta á. Ẹ pín in dọ́gba, kí ẹni tí tirẹ̀ bá tán dìde nílẹ̀ láìgba òmíràn. Bí kò bá sí àfikún, olúkúlùkù yóò ronú kí ó tó san, fífi owó lé e yóò sì níyì bí ẹni pé náírà ni.

Ọba kì í dá jagun. Ẹni tí ọba méjì bá wọ̀ lọ́wọ́, kí ó tètè tú ogun ká kí wọ́n tó yí i ká. Orí wa kò ní gbàbọ̀dè o.