Ráútà 5G: Ẹ yẹ ilé wò kí ẹ tó náwó

Bí àwòrán ọmọ tó wà nílùú òyìnbó bá ń dúró gbagidi lórí fóònù bàbá rẹ̀ ní Liverpool Road, l'Ápápá, ráútà ni gbogbo ilé kọ́kọ́ máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní kí bàbá lọ ra èyí tí wọ́n kọ 5G sí lára. Owó kékeré kọ́ nìyẹn.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà, Airtel sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n kò dé gbogbo àdúgbò. Níbi tí kò bá dé, 4G náà ni ráútà olówó ńlá ọ̀hún yóò máa lò. Ẹ tún ṣọ́ra fún páálí tí wọ́n kọ 5GHz sí. Ìyẹn kì í ṣe 5G rárá. Inú ilé ló mọ, kì í sì í la ògiri já tó 2.4GHz.

Ẹ yá fóònù ẹni tó ní 5G, tó sì ń lo iléeṣẹ́ kan náà pẹ̀lú yín, kí ẹ gbé e kiri inú yàrá. Bí 5G kò bá yọ lójú rẹ̀, ẹ fi owó yín sápò. Ẹ gbé ráútà àtijọ́ kúrò lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹ gbé e sókè nítòsí fèrèsé, nítorí irin máa ń dí i lọ́wọ́.

Bí 5G bá yọ, ẹ ṣírò dátà mọ́ owó ráútà. Àjọ NCC fàyè gba àfikún owó tó tó ìdá 50 nínú 100 lóṣù kìíní ọdún 2025, dátà sì tètè ń tán lórí èyí tó yára.