Ẹ̀rún Irin Lè Fara Pamọ́ Sínú Ẹyinjú Lẹ́yìn Ìpalára

Ojú lọba ara, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọgbẹ́ ojú ni ó máa ń hàn síta. Bí mẹkáníìkì tàbí alágbẹ̀dẹ bá ń fi òòlù lu irin, ẹ̀rún tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè ta sí i lójú, kí ó sì wọ inú ẹyinjú lọ. Ìrora rẹ̀ lè má pọ̀, ẹni náà sì lè máa ríran dáadáa lọ́jọ́ náà. Èyí ni ó ń mú kí àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Ìdí nìyí tí dókítà ojú fi máa ń kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ó fara pa. Bí ó bá jẹ́ pé irin ni ó fi ń lu irin, dókítà yóò gbà pé nǹkan lè wà nínú ẹyinjú títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé kò sí. Yóò wọn bí ojú náà ṣe ń ríran sí, yóò sì fi ẹ̀rọ tí ó ń mú nǹkan tóbi wá ihò kékeré, ẹ̀jẹ̀, tàbí ọmọlójú tí kò rí róbótó mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni àwòrán yóò kàn. CT scan ni ó dára jù láti fi ibi tí irin wà gan-an hàn. Níbi tí kò bá sí, X-ray lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Igi máa ń ṣòro láti rí nínú CT scan, nítorí ó lè jọ afẹ́fẹ́. A kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ MRI bí a bá fura sí irin, nítorí agbára òòfà rẹ̀ lè fa irin náà kúrò níbi tí ó wà, kí ó sì ba ojú jẹ́ sí i.

Ìdádúró léwu. Kòkòrò àrùn lè ba ojú jẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀, pàápàá bí erùpẹ̀ tàbí igi bá wọ inú rẹ̀. Irin tí ó bá pẹ́ nínú ẹyinjú máa ń dípẹtà, oró rẹ̀ sì lè pa agbára ìríran lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún.

Bí nǹkan bá gún ojú, ẹ má ṣe ra á, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe yọ ohun tí ó bá yọrí síta. Ẹ má ṣe kán ọmú, ìtọ̀ tàbí àgbo sí i. Ẹ fi ìdí ife oníke bò ó láìjẹ́ kí ó kan ẹyinjú, kí ẹ sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn tí dókítà ojú wà. Awò ààbò tí a bá lò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó dára jù lọ.