Àdá Ní Àsìkò Tirẹ̀

Bí ọyẹ́ bá ti dé sí Tchetti àti àwọn ìletò tí ó wà ní agbègbè Savalou àti Bantè, koríko á gbẹ, iná á jó igbó, a ó sì gbójú sókè wá oúnjẹ ẹran lórí igi. Àwọn darandaran ń gé ewé apá àti ọ̀gánwó fún màlúù. Àwa tí a ń sin ewúrẹ́ náà ń gé e. Ẹni tí ó gé igi ni a sábà máa ń bá ṣẹjọ́. Ó yẹ kí a béèrè ìgbà tí ó gé e pẹ̀lú.

Oúnjẹ tí igi kó pamọ́ sínú gbòǹgbò àti ìtí rẹ̀ ni ó fi ń hu ewé tuntun. Bí a bá rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ ní oṣù Owéwe, ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ̀ka mìíràn á sì yọ kí òjò tó dá. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, igi tí a gé kanlẹ̀ dà bí àgbẹ̀ tí ó ń se èbù iṣu rẹ̀ jẹ.

Gliricidia, igi tí ó ti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà wá, fi èyí hàn kedere. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ó máa ń wọ́wé ní ẹ̀ẹ̀rùn kí ó tó tan òdòdó. Èyí tí a rẹ́ ní ìparí òjò máa ń pẹ́ ní tútù. Láàrin àwọn ọdún 1980, àwọn ibùdó ìwádìí IITA àti ILCA ní Ìbàdàn gbìn ín láàrin àgbàdo, wọ́n sì ń rẹ́ ẹ fún ilẹ̀ àti fún ewúrẹ́.

Apá àti ọ̀gánwó kì í tètè dàgbà bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ẹ̀rùn sì ni wọ́n ń yọ ewé àti òdòdó. Ẹni tí ó gé wọn nígbà náà ti gé èso mọ́ ewé. Ní ọdún 2008, Orou Gaoué àti Tamara Ticktin fi hàn, nínú ìwádìí wọn ní Bẹ̀nẹ̀, pé ọ̀gánwó tí a ń gé ewé tí a sì ń bó èèpo rẹ̀ púpọ̀ kì í so dáadáa. Ní 2022, àdéhùn CITES fi ìṣọ́ sí òwò pákó igi méjèèjì káàkiri àgbáyé. Kò sí ohun tí ó lè ṣe sí àdá ọwọ́ wa.

Àgbẹ̀ àti darandaran ni yóò fẹnu kò lórí ìyẹn: kí a gbin Gliricidia sí etí oko, kí a sì rẹ́ ẹ ní Owéwe, bí a bá gun igi ńlá, kí a fi ẹ̀ka púpọ̀ sílẹ̀ lórí rẹ̀, kí a sì yan apá àti ọ̀gánwó díẹ̀ ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni kò ní fàdá kàn, kí irúgbìn lè máa wà.