Bí ìlù bá ṣe kọ́ ni ọwọ́ ṣe ń mú ọ̀pá

Ọwọ́ òsì onílù òyìnbó ni kí ẹ wò, ẹ fi ti ọ̀tún sílẹ̀. Àwọn kan á di ọ̀pá mú bí ẹni di òòlù mú, àtẹ́lẹwọ́ á dojú bolẹ̀ bíi ti ọ̀tún gẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn á ṣí àtẹ́lẹwọ́ sókè, wọ́n á há ọ̀pá sí kòtò àtàǹpàkò, ìka òrùka á sì gbé e lábẹ́. Èwo ló dáa jù? Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn onílù ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí. Lójú tèmi, ọwọ́ kọ́ ló yàn. Ìlù ló yàn fún un.

Ìlù ológun ni ọ̀nà kejì yìí ti wá. Onílù a fi okùn gbé ìlù kọ́ èjìká, a bá ọmọ ogun rìn. Ìlù a wà ní ìbàdí òsì, ojú rẹ̀ a sì dagun sápá ọ̀tún. Bí ó bá fẹ́ da àtẹ́lẹwọ́ òsì dé, àfi kó gbé ìgúnpá sókè bí apá ẹyẹ kí ọwọ́ tó ré etí ìlù kọjá. Àwọn onílù jáàsì jókòó ti ìlù tó wà nílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n jogún ọwọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 1964, nǹkan bíi mílíọ̀nù 73 ènìyàn rí Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles, lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ìlù tiwa náà jẹ́rìí. Ọwọ́ òsì onídùndún wà lára ọsán, ọ̀tún nìkan ló kù fún kọ̀ǹgọ́. Bàtá tí a gbé kọ́rùn nílé ń gba bílálà lójú kékeré. Ní Kúbà, orí itan ló ń dùbúlẹ̀ sí, ọwọ́ lásán ni wọ́n sì fi ń lu ojú méjèèjì.

Ẹnìkan lè bi mí pé: Buddy Rich, onílù jáàsì, ńkọ́, tó fi ọwọ́ àtijọ́ sáré ju ọ̀pọ̀ lọ lórí ìlù tí kò kọ́ èjìká? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìgbà èwe ló ti fi ọwọ́ yẹn kọ́ ìlù, eré rẹ̀ kò sì sọ pé ọwọ́ tó dọ́gba kò lè sáré. Ohun tí ọwọ́ méjèèjì jọ ní ló ń múni yá: awọ máa ń ta ọ̀pá padà, iṣẹ́ ìka sì ni láti jẹ́ kó padà. Ẹni tó bá fún ọ̀pá pinpin pa ìtapadà yẹn, apá rẹ̀ ni yóò máa gbé gbogbo ìró fúnra rẹ̀, kò sì ní pẹ́ rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wo ọwọ́ ọ̀gá, kó kọ́kọ́ wo ibi tí ìlù ọ̀gá wà.